Odán Fadérera

Ọ̀gá Abọ́lárìn kò tíì jókòó tó fi béèrè ọ̀rọ̀ tó ba ọjọ́ náà jẹ́.

"Màmá, èwo ni ẹ̀gbọ́n nínú àwọn méjèèjì?"

Àwo oyin àti orógbó wà lọ́wọ́ Fadérera nígbà náà. Ọjọ́ ìkómọ ni. Àwọn ará àdúgbò ti pé sábẹ́ igi odán rẹ̀, afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́, inú ìyá àgbà sì dùn débi pé kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí obìnrin ìjọba fẹ́ fi ìdáhùn náà ṣe. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí èyí tó sanra, tó ń sùn lórí itan Mọrẹ́nikéjì ọmọ rẹ̀ bí ẹni tó ni ayé.

"Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n. Àbí wọn ò sọ fún yín nílé ni? Òun ló rán Táíwò ṣíwájú pé kó lọ tọ́ ayé wò."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Abọ́lárìn náà rẹ́rìn-ín. Ó kúnlẹ̀, ó so òrùka aláwọ̀ ewé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ Kẹ́hìndé, òrùka náà dún, ó sì pa dé. Ó gbé ọ̀dọ́ igi ayùnrẹ́ kan kalẹ̀ nínú ike. Lẹ́yìn náà ló wá fa òrùka kejì yọ nínú àpò. Dúdú ni tòhún.

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́jọ ni ọ̀ràn náà bá.

"Ẹ dákun," ni Mọrẹ́nikéjì wí, "igi kan ṣoṣo lẹ gbé wá?"

"Oyún kan, igi kan. Ẹ ṣáà mọ̀, Ìyá Ìbejì."

Wọ́n mọ̀. Kò sí ọmọ tó ń rákò ní Òkè-Ewé tí kò mọ̀. Igi kan ni èémí ènìyàn kan. Ẹni tí kò bá nígi, inú Ìbàdàn nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni ilé rẹ̀. Láti ìgbà tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé ìbejì ni oyún náà ni ìyá àti ọmọ ti ń tan ara wọn pé bí ìjọba bá fojú kan àwọn ọmọ náà, àánú á ṣe é. Ìjọba wá, ó fojú kàn wọ́n, ó ní wọ́n rẹwà, ó sì mú òrùka dúdú jáde.

"Ọkọ̀ á dé kí oòrùn tó wọ̀," ni ọ̀dọ́mọbìnrin náà wí. Ohùn rẹ̀ tutù bí ohùn ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò. "Ilé Ìkókó tó wà ní Dùgbẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Wọ́n ń tọ́jú wọn níbẹ̀. Ẹ lè máa lọ wò ó lọ́jọ́ Àìkú."

"Táíwò?" Mọrẹ́nikéjì gbé èyí tó tín-ín-rín náà mọ́ra. "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń mí. Àyà rẹ̀ kò dá láti ọjọ́ tí mo ti bí i. Nínú eruku yẹn? Ẹ yí i padà, ẹ dákun. Ẹ tú ti Kẹ́hìndé. Kẹ́hìndé lágbára, òun lè…"

Ó gbọ́ ohun tó ń ti ẹnu ara rẹ̀ jáde, ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀gá Abọ́lárìn ní òrùka tó bá ti pa dé, kì í ṣeé tú lẹ́sẹ̀ alààyè.

"Ọ̀nà kan ló kù," ló wí. "Kí ẹnìkan yọ̀ǹda igi tirẹ̀ fún un, kí onítọ̀hún sì lọ sí ìlú dípò rẹ̀. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú kò lè yọ̀ǹda, bàbá wọn sì ti di olóògbé." Ó wo Fadérera. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, ó tètè gbójú kúrò.

Àwọn yòókù kò gbójú kúrò. Wọ́n wo Fadérera, wọ́n wo odán rẹ̀.

Ká sọ tòótọ́, odán náà dára. Òjìji rẹ̀ bo ilé mẹ́ta. Lára rẹ̀, níbi tí ọwọ́ àgbàlagbà ti lè tó o, irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n ń pè ní etí-igi. Gbogbo àlejò tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ fi àtẹ́lẹwọ́ lé e, tí irin náà sì ń fi ohùn ọmọge dáhùn: "Igi Fadérera Ọ̀ṣúnlékè. Odán. Ara rẹ̀ le." Ní Òkè-Ewé, wọn kì í kí ènìyàn kí wọ́n má kí igi rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni, òfin sì ni. Ìjọba gbà pé ẹni tí ará àdúgbò kò bá kí mọ́ ti kú, tàbí ó ti sá lọ, tàbí kò yẹ kó máa gbé láàárín ènìyàn. Nítorí náà, igi tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò bá kàn fún ọjọ́ méje ti di ti ìjọba. Bẹ́ẹ̀ ni Sàlámọ́tù oníjàngbọ̀n ṣe lọ lọ́jọ́sí. Ó bá gbogbo ilé jà tán, wọ́n fi òun àti igi òro rẹ̀ sílẹ̀, kò pẹ́ tí ọkọ̀ funfun fi wá gbé e. Fadérera wà lára àwọn tó fi ẹ̀rín sìn ín sọ́nà.

"Mò ń bọ̀," ni Fadérera wí. Ó gbé àwo oyin wọlé bí ẹni pé oyin lọ̀rọ̀ kàn.

Ó jókòó sétí ibùsùn. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé kò mọ̀. "Èmi ni n ó lọ." Ó gbìyànjú rẹ̀ nínú ikùn, ó já gaara; ó gbé e dé ọ̀fun, ó há síbẹ̀. Ojú fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀, sí ibi tí èéfín pupa ti dé ìlú lórí bí ọmọrí ìkòkò. Ó ti gbé abẹ́ ọmọrí yẹn rí, kí orúkọ rẹ̀ tó jáde fún odán. Ní Mọ́kọ́lá, nígbà ooru, abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń sùn lọ́sàn-án. Ọkọ rẹ̀ jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan pé òun ń lọ pọn omi fún un, torí òùngbẹ ń gbẹ Fadérera, ó sì ń ráhùn. Ọkùnrin náà fi ọwọ́ ti ògiri pé kí òun sinmi díẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa gbé òkú rẹ̀, awọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kù sára ògiri.

Ẹ̀rù ló ń ba Fadérera. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn Táíwò. Ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé òun ló ń gbọ́n omi sí i lára láràárọ̀, tó ń fi ìka méjì pa á ní òrí láyà kí èémí rẹ̀ lè já. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù náà ju ìfẹ́ náà lọ, ojú sì tì í pé ó jù ú lọ.

Mọrẹ́nikéjì dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Táíwò lọ́wọ́.

"Màámi."

"Mò ń gbọ́ ẹ."

"Mi ò ní bẹ̀ yín. Ọmọ kì í rán ìyá rẹ̀ nírú iṣẹ́ yẹn."

"Mo mọ̀."

"Ṣùgbọ́n oòrùn ń lọ, Màámi."

Fadérera dìde, ó na ọwọ́. "Gbé e wá. Jẹ́ kí n gbé e dé ọ̀dọ̀ Bàbá Láṣebìkan. Wọn ò tíì rí i."

Mọrẹ́nikéjì wò ó. Kò yé e, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ni, ó sì gbé ọmọ fún un.

Bàbá Láṣebìkan ló ń gbé ilé tó wà lókè pátápátá. Awakọ̀ ojú irin ni tẹ́lẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, wọn kò sì bímọ, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ Òkè-Ewé tí kò jẹ nínú agbálùmọ̀ rẹ̀ dàgbà. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó wá síbi ìkómọ. Apẹ̀rẹ̀ agbálùmọ̀ ló fi ránṣẹ́. Abẹ́ igi náà ni Fadérera bá a, ó ń fi okùn di ẹsẹ̀ àga tó ṣẹ́.

Ó fi ọwọ́ kí igi. "Igi Láṣebìkan Adéoṣó. Agbálùmọ̀. Ara rẹ̀ le."

Kí bàbá tó dáhùn, Fadérera ti wólẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, ó ti gbé ọmọ lé e nítan. Ó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹni tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun lé lẹ́sẹ̀ ti jẹ̀bi kó tó gbọ́ ẹjọ́.

"Ẹ gbà mí, Bàbá. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí Dùgbẹ̀."

"Èyí? Èyí tó ń mí báyìí?"

"Kẹ́hìndé ni wọ́n fún nígi. Ìyá wọn kò lè yọ̀ǹda tirẹ̀, ó ń fọ́mọ lọ́mú."

Bàbá Láṣebìkan kì í ṣe òmùgọ̀, ó ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó wo ọmọ náà, ó wo òkè igi rẹ̀, ó wá béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo tó tọ́ kó béèrè.

"Igi tìrẹ ńkọ́, Ìyá Kéjì?"

Ó ti pèsè ìdáhùn sílẹ̀ lójú ọ̀nà. "Kòkòrò ti jẹ ẹ́ nínú, Bàbá. Etí-igi ní ara rẹ̀ kò le mọ́. Igi tó ń ṣàìsàn kò sì ṣeé yọ̀ǹda. Ká ní ó ṣeé ṣe ni, ṣé ọ̀dọ̀ yín ni n bá wà?"

Ó bú sẹ́kún. Ọ̀rọ̀ náà irọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹkún náà òótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ṣòro láti dá wọn mọ̀ yàtọ̀.

"Odán ńlá yẹn?" Ojú bàbá fà ro. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Mi ò gbọ́. Ó ti pẹ́ tí orúnkún yìí kò jẹ́ kí n dé ìsàlẹ̀ wá kí i." Ó fi okùn àga sílẹ̀. "Fadérera, mi ò fẹ́ lọ o. Má wo irun funfun kó o rò pé kò lẹ́rù lábẹ́. Mò ń bẹ̀rù ibẹ̀ ju ikú lọ. Mi ò lẹ́nìkan níbẹ̀."

Fadérera kò sọ pé rárá, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó kàn na ọwọ́, ó ṣí aṣọ àyà ọmọ náà díẹ̀, kí bàbá lè rí bí awọ ṣe ń wọ àárín egungun ìhà rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá fà á sínú.

Ọkùnrin náà fa aṣọ bo àyà ọmọ náà padà.

"Ẹ̀mí ò láàrọ̀," ló wí. "Ṣùgbọ́n tèmi ti gbó. Lọ pe ọmọbìnrin ìjọba yẹn wá."

Wọ́n ṣe é wéré. Bàbá fi ọwọ́ lé etí-igi, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ Táíwò lé e lẹ́yìn tirẹ̀, ohùn ọmọge náà sì sọ láìkọsẹ̀ pé, "Igi Táíwò. Agbálùmọ̀. Ara rẹ̀ le." Ọ̀gá Abọ́lárìn mú òrùka aláwọ̀ ewé mìíràn jáde. Mọrẹ́nikéjì di ẹsẹ̀ arúgbó náà mú, wọn kò rí i fà kúrò. Ó súre títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí àwọn obìnrin bi Fadérera pé báwo ló ṣe rí i ṣe, ó ní Ọlọ́run ló lo bàbá.

Ọkọ̀ funfun gòkè wá, kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ara rẹ̀, ó sì dúró. Bàbá Láṣebìkan gbé àpò kékeré kan sínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀pá rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀.

"Níbo lẹ tún ń lọ, Bàbá?" ni Ọ̀gá Abọ́lárìn béèrè.

"Mò ń lọ kí igi. Àbí bí olè ni kí n ṣe kúrò láàárín ènìyàn?"

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Fadérera kò tilẹ̀ rí alẹ́. Nínú gbogbo ọgbọ́n tó gbọ́n, ohun tó ń ṣe láràárọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ ló gbàgbé: ẹni tó bá ń lọ láìpadà gbọ́dọ̀ kí igi gbogbo ẹni tó bá gbé.

Bàbá ń sọ̀ kalẹ̀ láti ilé dé ilé, gbogbo àdúgbò ń tẹ̀ lé e, igi ń dá a lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fadérera sáré dé iwájú rẹ̀.

"Bàbá, orúnkún yín. Ìsàlẹ̀ jìnnà. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu nítorí tèmi. Mo ti bá yín kí i."

"Háà, Ìyá Kéjì! Tìrẹ gan-an ni mo gbọ́dọ̀ dé. Bí ara ẹni kò bá le, ìgbà yẹn la ń kí i jù."

"Ara ta ni kò le?" ni Mọrẹ́nikéjì béèrè lẹ́yìn.

Arúgbó náà dé abẹ́ odán. Ó mí sókè, ó mí sódò, ó rọra gbé ọwọ́ lé irin bí ẹni tó ń wo ibà lórí ọmọ.

"Igi Fadérera Ọ̀ṣúnlékè. Odán. Ara rẹ̀ le."

Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó nu ún mọ́ bùbá rẹ̀, ó tún gbé e padà, torí ó rò pé eruku ni.

"Igi Fadérera Ọ̀ṣúnlékè. Odán. Ara rẹ̀ le."

Bàbá Láṣebìkan yíjú sí Fadérera. Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú.

"O ní kòkòrò ti jẹ ẹ́," ló wí.

Ọ̀gá Abọ́lárìn súnmọ́ wọn. "Bàbá, ṣé irọ́ ni wọ́n fi gba igi yín? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti gbà á padà nísinsìnyí. Ọmọ náà á wá máa bá ọkọ̀ lọ." Ó yíjú sí ìyá àgbà. "Àfi bí Màmá bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ."

Gbogbo ojú padà sí Fadérera. Ó rọrùn nígbà yẹn ju ti àárọ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni, wọ́n sì ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún un.

"Màámi," ni Mọrẹ́nikéjì wí. Ó ti ní òun kò ní bẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀ ẹ́. Ó kúnlẹ̀ sórí gbòǹgbò odán pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. "Màámi, ẹ sọ̀rọ̀."

Fadérera la ẹnu. Ó rí ọmọrí pupa yẹn lórí ìlú, ó rí awọ ọwọ́ lára ògiri. Afẹ́fẹ́ fẹ́ lábẹ́ odán rẹ̀, ó tutù, ó sì dára lára. Ó pa ẹnu dé.

Bàbá Láṣebìkan dúró dè é. Ká má purọ́, ó dúró pẹ̀lú ìrètí, ìrètí náà sì hàn lójú rẹ̀, ó burú láti wò lójú àgbà. Nígbà tó rí i pé kò sí ohun tó ń bọ̀, ó fi ọwọ́ gbá èèpo igi náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó dáa kó le," ló wí. Ó yí sí Mọrẹ́nikéjì. "Dìde, Kéjì. Mi ò gba nǹkan kan padà lọ́wọ́ ọmọ. Tó bá dàgbà, sọ fún un pé kó má máa gun igi náà. Agbálùmọ̀ tó bá já fúnra rẹ̀ ló dùn jù."

Ó kí gbogbo ènìyàn, ó dárúkọ wọn, ó kí àwọn ọmọdé pàápàá. Ó dé ọ̀dọ̀ Fadérera, ó kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tó kọjá lára òpó. Ọkọ̀ funfun ti ilẹ̀kùn ara rẹ̀, ó sì gbé e lọ sísàlẹ̀.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Mọrẹ́nikéjì ti ká ẹní rẹ̀, ó ti kó ìbejì lọ sí ilé agbálùmọ̀. Kò bú ìyá rẹ̀. Ó kó gbogbo aṣọ àwọn ọmọ tán, ó gbá ibi tí wọ́n sùn sí, ó sì jáde.

Wọn kò bá Fadérera jà ní Òkè-Ewé. Wọn kò sọ òkò, wọn kò kọrin òwe. Wọ́n kàn ń kọjá. Ẹni tó bá dé ibi odán a ki ọwọ́ bọ àpò, obìnrin a kó ọwọ́ sábẹ́ ìborùn, wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Fadérera gbé oyin tó kù síbi ìkómọ jáde, ó ń pe àwọn ènìyàn pé kí wọ́n wá tọ́ ọ wò. Wọ́n ní ẹ ṣeun, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti sọ ọ́. Ewúrẹ́ kan wá fi ara nù mọ́ igi náà, inú ìyá àgbà sì dùn fún ìṣẹ́jú kan, títí ó fi rántí pé etí-igi kì í ka ewúrẹ́. Ó ń fi ẹnu ara rẹ̀ ka ọjọ́. Ó rántí Sàlámọ́tù, ó rántí pé òun rẹ́rìn-ín.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ keje, ó rí Mọrẹ́nikéjì tó ń bọ̀ láti ibi omi, Táíwò wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà ti ń mí dáadáa. Ọ̀já tú díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan ti yọ síta, ó ń mì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú ọ̀nà tóóró yẹn gba abẹ́ odán kọjá, ó súnmọ́ igi débi pé èjìká ènìyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kàn án. Fadérera jáde síta láìwọ bàtà.

"Kéjì," ló wí. "Mi ò ní kí ìwọ kí i. Ọwọ́ ọmọ yẹn ńkọ́? Kó kàn án lásán. Ọwọ́ ọmọdé náà ń kà. Èmi ni mo gbà á là, Kéjì. Bí kì í bá ṣe tèmi, Dùgbẹ̀ ni ì bá wà."

Mọrẹ́nikéjì dúró. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ náà, ó wo ojú ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sẹ́yìn, ó rọra mú ọwọ́ kékeré náà, ó tì í padà sínú ọ̀já, ó fún ọ̀já náà le, ó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ.

Ìró ọkọ̀ ti ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Fadérera fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé igi rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

"Igi Fadérera Ọ̀ṣúnlékè," ni etí-igi wí. "Odán. Ara rẹ̀ le. Ọwọ́ oní-igi kò kà."